Àwọn Tiwa Dà?

Ẹyọ ọwọ̀ ni mo fi ń ṣe ìbọn. Mo ti lo wáyà rí, mo ti lo igi ìtayín, mo tiẹ̀ ti fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ dán an wò, kò sí èyí tó ṣe é tó ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Ó le, kì í tètè tẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nípọn ju ṣóńṣó rẹ̀ lọ. Màá gé e kí gígùn rẹ̀ tó ti ẹni tó máa gbé e, torí pé ìbọn ṣakabùlà ayé ìgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èèyàn lóòótọ́. Màá fi súpá-gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn, màá kùn ún, màá wá gbé e lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ọkùnrin tí kò ga ju ìdajì àtàǹpàkò mi lọ. Ọmọ ogun Ìbàdàn ni. Ọdún 1880 ló wà, lórí òkè, láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun Kírìjì sì ni ogun tó bá lọ.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kó ọmọ ogun yìí jọ nílé wa ní Ṣómólú. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, ère kéékèèké ni, tí a kùn lọ́dà, tí a tò sórí tábìlì tí a ti ṣe bí ilẹ̀ tó ní òkè, odò àti igbó. Ẹni méjì á jókòó kojú ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ ogun tirẹ̀. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé, dáìsì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọta bà tàbí kò bà. Àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia ló fi irú eré yìí kọ́ àwọn ọ̀gá ṣójà wọn ní nǹkan bí ọdún 1824. Ó ti pẹ́ tó kúrò nílé ìkọ́ṣẹ́ ogun, tó di nǹkan tí àgbàlagbà ń fi ọwọ́ dídilẹ̀ ṣe lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Orí YouTube ni èmi ti rí i, lóru ọjọ́ kan tí iná wà tí oorun kò sì wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti mọ ogun tí mo fẹ́ ṣe.

Ogun náà ni kò sí lọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ ti Napoleon, ẹ óò rí i rà. Bí ó bá jẹ́ ogun Zulu ti ọdún 1879 lẹ fẹ́, àwọn ọmọ Zulu wà nínú páálí tàwọn ti apata wọn, pẹ̀lú ṣójà Gẹ̀ẹ́sì aláṣọ pupa tí wọ́n máa bá jà. Ogun yẹn kò pé oṣù méje. Lọ́dún 1879 yẹn kan náà, Kírìjì ń jà lọ́wọ́. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 ni ibùdó tó tú. Bí a bá kà á láti 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ránṣẹ́ ra ẹ̀tù ìbọn ní Porto Novo tí àwọn Ẹ̀gbá sì kọ lu àwọn tó lọ rà á lójú ọ̀nà, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Mo wá títí, mi ò rí ẹyọ kan ṣoṣo rà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin sí mi. Àwọn tó ń ṣe ère yìí ń ṣe ogun tí àwọn baba wọn wà nínú rẹ̀. Kírìjì, àwa nìkan la wà níbẹ̀, àwa la bá ara wa jà. Bí àwa kò bá ṣe é, ta ni a ń retí?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wáyà kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe egungun wọn. Àlẹ̀mọ́ tí àwọn pọ̀lọ́ńbà ń pò mọ́wọ́ láti fi dí páìpù tó ń jò ni mo fi ṣe ẹran ara. Ẹni márùn-ún ni mo fọwọ́ mọ: ẹnì kan ń ki ìbọn, ẹnì kan di tirẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí tó fẹ́ yìn ín, ẹnì kan kúnlẹ̀, ẹnì kan ń sáré pẹ̀lú àdá, ẹnì kan gbé ìlù kọ́ èjìká. Lára àwọn márùn-ún yìí ni mo ti gba àwòṣe, mo wá ń da résìn, oje tó ń le bí ike, tí mo rà lọ́jà kẹ́míkà ní Ọjọ́ta sínú rẹ̀. Wáṣà láti Ládípọ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí atẹ́gùn fáànù má baà gbé wọn ṣubú.

Bí ọwọ́ mi ṣe ń mọ wọ́n ni ìbéèrè ń jáde. Kí ni wọ́n wọ̀? Ìwé ìtàn á sọ fún yín pé Balógun jáde pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀, á sì dákẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń mọ ère kò lè dákẹ́ níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ṣòkòtò dúró sí lójúgun. Mo fi ẹlòmíràn sínú kẹ̀ǹbẹ̀, mo fi ẹlòmíràn sínú ìbàǹtẹ́ lásán. Àwọn kan wọ gbérí ọdẹ, oògùn sì so jìngbìnnì mọ́ ọn láyà. Ońdè ni mo fi òwú dúdú ṣe, mo ń so ó mọ́ apá tí kò nípọn ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Gbogbo wọn ló wà láìwọ bàtà, àfi Ààrẹ.

Àwọ̀ ara wọn ló pẹ́ mi jù. Ọ̀dà tí àwọn òyìnbó ń tà fún eré yìí, àwọ̀ ara tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Dúdú tiwa, àwọ̀ igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kárí gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sínú dáńfó láti Ọ̀shodì dé Yábàá lọ́jọ́ kan, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn àwọn tó wà níwájú mi. Ọ̀kan dúdú tó ń dán bí ikin, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan wà láàrin méjèèjì bí ìgbà tí èèyàn bá bu wàrà díẹ̀ sí kókó. Mo délé, mo pò ọ̀dà mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni méjì tó fara kanra nínú ìlà ogun mi tí àwọ̀ wọn bára mu.

Aṣọ wọn, aró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ẹtù fún àwọn olóyè, ẹtù olówó iyebíye yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán, tí ìlà funfun tín-ín-rín kan wá gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo bí èdè wa ṣe rí: ẹtù ni aṣọ, ẹ̀tù ni ohun tí wọ́n ń ki sínú ìbọn. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàrin aṣọ ìyẹ́sí àti ikú. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá di búrọ́ṣì onírun mẹ́ta mú, tí mi ò sì lè mí títí ìlà funfun náà á fi gún.

Oṣù Keje ọdún àkọ́kọ́, mo fọ́n ọ̀dà ìdáàbòbò sí ogún nínú wọn lára, òjò sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ Èkó tutù bí aṣọ tí a kò fún. Kí n tó padà dé, gbogbo wọn ti funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Oṣù méjì ni mo fi kùn wọ́n padà, láti ìgbà náà sì rèé, ó di ìgbà ọyẹ́ kí n tó fọ́n ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n pé 72, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ààrẹ wà lábẹ́ agboòrùn lẹ́yìn, ìlù ogun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà ogun wà níwájú, oníkálukú pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé! Ọmọ Ìbàdàn ni mí, agboolé jagunjagun ni wọ́n bí bàbá mi sí, oríkì ogun ni màmá mi fi ń jí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè fẹnu sọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá ìyàwó mi wá láti Iléṣà, nítorí ojú tí wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú. Wọ́n jókòó tì tábìlì náà, wọ́n ní kí n bá àwọn mú jígí àwọn wá.

“Àwọn wo rèé?”

“Ìbàdàn ni, Bàbá. Ogun Kírìjì ni.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yin ìlù. Wọ́n yin agboòrùn. Wọ́n wá gbójú sókè wo apá kejì tábìlì, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi fọ́ọ̀mù tí mo gé bí òkè.

“Àwọn tiwa dà?”

Mo ní mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n mi orí.

“Ta wá ni àwọn wọ̀nyí dojú ìbọn kọ láti ìgbà yìí?”

Bàbá kò bínú, ohùn wọn kò sì le. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣe ogun tó ní apá kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbọ́ ọ nílé wa: Ìbàdàn jà, Ìbàdàn ṣẹ́gun, Ìbàdàn gba ilẹ̀ títí dé Èkìtì. Àwọn tí Ìbàdàn bá jà dà bí igbó tí èèyàn gbà kọjá.

Bàbá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń lo oògùn ojú, tí wọn kò lè wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń sọ tiwọn fún mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀, ẹni tí Ìbàdàn fi sí ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, tí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa mú ewúrẹ́ tó bá wù wọ́n àti ìyàwó oníyàwó. Wọ́n sọ bí Fábùnmi ṣe dìde ní Òkèmẹ̀sí lọ́dún 1878, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀, tí ìlú kan ń ránṣẹ́ sí ìkejì títí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi di ọ̀kan, tí wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Wọ́n sọ ti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, tó wá di olórí ogun wọn. Mo mọ orúkọ wọ̀nyí nínú ìwé. Mi ò tíì gbọ́ wọn lẹ́nu ẹni tó ń pè wọ́n bí ẹni pe bàbá rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ Èkìtìparapọ̀ lọ́jọ́ kejì tí Bàbá padà sílé. Àwòṣe tuntun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe fún wọn, kí wọ́n lè yàtọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàtọ̀ náà. Ilà ojú? Orí ère yìí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Kò sí búrọ́ṣì tó lè kọ àbàjà sórí ẹ̀wà, tàbí pélé, kí èèyàn dúró lókèèrè kó dá a mọ̀. Aṣọ? Aṣọ òfì kan náà, aró kan náà. Oògùn ìbọn ńkọ́? Oògùn kan náà ni.

Nǹkan tún wà tó bà mí nínú jẹ́ ju ìyẹn lọ. Lára àwọn tó ń jà fún Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n dàgbà sí agboolé ológun, tí wọ́n wá di ọmọ ogun. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀, Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun, nígbà tí wọ́n mú un lọ síbẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́yìn Látòósà lórí tábìlì mi lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tó dúró ní òdìkejì. Mo dá àwòṣe tuntun náà dúró. Inú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo da résìn Èkìtìparapọ̀ sí. 60 ni wọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú àwọn 72.

Ìbọn ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ìbọn náà sì ni ibi tí Èkó ti wọ ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń gbé níbí, mo ti rò pé ogun òkè ọ̀hún ni Kírìjì, pé Èkó jìnnà sí i. Kò jìnnà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ń ṣòwò l'Ékòó, tó fi mọ́ àwọn tó ti oko ẹrú àti Sàró padà wálé, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbí, wọ́n ń dá owó jọ. Àwọn ló fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé, irú Snider tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1866. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá níṣẹ́jú kan. Oníṣakabùlà á ṣì máa da ẹ̀tù, á máa fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Látòósà ní èèyàn púpọ̀, ó ní àwọn tó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ ọn, ó sì ń jagun lójú ọ̀nà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tù á máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo lọ dúró ní Èbúté Èrò lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo ra ìlẹ̀kẹ̀ tán lọ́jà Balógun. Mo wo ọ̀sà. Mo ń ro àpótí ìbọn tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó yìí, tó ń lọ sí òkè láti lọ pa àwọn èèyàn bàbá bàbá mi, àti pé owó tí wọ́n fi rà á, owó àwọn tí èèyàn bàbá bàbá mi ti kó ọmọ wọn lọ ni. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Mo wọkọ̀ padà sí Ṣómólú, mo gé ẹyọ ọwọ̀ 60 kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé Snider kò gùn tó ṣakabùlà.

Òfin eré náà, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi gbé e ró. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan ni ẹ̀tù ìyìn kan. Ìbàdàn ní igbá kan tó kún, kò sì sí àfikún àfi tí dáìsì bá já sí mẹ́fà, tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà là fúngbà díẹ̀. Èkìtìparapọ̀ lè yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí Ìbàdàn bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Tí òjò bá rọ̀, ṣakabùlà kú, torí omi ti wọ ẹ̀tù ẹnu rẹ̀. Snider ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí inú páálí ọta ni ẹ̀tù tirẹ̀ wà. Mo gbìyànjú kí eré náà má gbè sápá kan. Kò rọrùn. Ogun tí ẹnì kankan kò borí fún ọdún mẹ́rìndínlógún, èèyàn kò gbọ́dọ̀ kọ òfin fún un tí yóò jẹ́ kí ẹnì kan borí láàrin wákàtí méjì.

Mo tún ṣe obìnrin mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè wọn, ṣùgbọ́n ibùdó Kírìjì ti di ìlú nígbà tó yá: ilé alámọ̀ wà níbẹ̀, ọjà wà, wọ́n bímọ síbẹ̀, Látòósà fúnra rẹ̀ ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1885. Ta ló ń se oúnjẹ? Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án ru igbá, ọ̀kan pọn ọmọ, ọ̀kan jókòó ti ata. Mo fẹ́ràn aláta yẹn ju Ààrẹ lọ. Ẹsẹ̀ ata rẹ̀ ni mo fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó kéré jù tí mo rí ṣe.

Oṣù Kọkànlá tó kọjá, Bàbá mú mi lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ojú wọn ti dára. A gun òkè, wọ́n ní kí n pariwo. Mo ké, ohùn mi lọ, ó lu òkè kejì, ó padà wá. Ìró ìbọn tó ń lu òkè báyìí ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, kì-rì-jì, kì-rì-jì. Ní ìsàlẹ̀ ni odò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú. Mi ò ní túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ọ. Mo bu erùpẹ̀ pupa sínú náílọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo délé, mo fi gúlù sábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn, àwọn 72, àwọn 60, àtàwọn obìnrin, mo fọ́n erùpẹ̀ náà sí i.

Oṣù Kejìlá ni Bàbá wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa, a sì jà á. Bàbá di Ògèdèǹgbé, èmi di Látòósà. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ìgbájọ, mo rò pé màá fi ọ̀pọ̀ èèyàn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ lókè tiwọn, wọ́n ń yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì. Mo dé odò, igbá mi ti dá sí ìdajì. Mo padà. Bàbá lé mi, wọ́n dé odò, àwọn èèyàn mi tó gbó lójú ogun dá wọn dúró níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ṣe é, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ títí NEPA á fi mú iná lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló kù nínú igbá mi, Bàbá ti pàdánù ju ìdajì àwọn èèyàn wọn lọ.

“Ṣé kó parí síbẹ̀?” Bàbá ló bi mí.

Mo ní kó parí síbẹ̀, Bàbá. A bọ ara wa lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n a kò kó wọn kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Lọ́dún 1886, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lórí ilẹ̀ ogun gan-an, Samuel Johnson, àlùfáà tó wá kọ ìtàn Yorùbá, wà lára àwọn tó ṣe alárinà; síbẹ̀ ọdún 1893, nígbà tí Carter, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì láti Èkó, dé, ni ibùdó tó tú. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà, kò yé mi rí. Ó wá yé mi nídìí tábìlì ìjẹun wa. Mo wo Bàbá, Bàbá wò mí, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ na ọwọ́.

Ìyàwó mi ló bọ́ sí àárín wa lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí Bàbá fẹ́ lọ. Ó gbé páálí méjì wá, ó fi ọ̀kan síwájú bàbá rẹ̀, ó fi ọ̀kan síwájú mi. “Ẹ jọ mú un,” ló wí. “Ẹ̀yin ọ̀kan, òun ọ̀kan.”

Bàbá mú ẹnì kan, mo mú ẹnì kan. Wọ́n mú òmíràn, mo mú òmíràn. Nígbà tí tiwọn tán, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ mi títí mo fi kó ìyókù. A fi aláta sínú páálí Bàbá, nítorí wọ́n ní àwọn fẹ́ mú un lọ sí Iléṣà. Fẹ̀jẹ̀bọ́jú nìkan ló kù lórí tábìlì. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù, kò ṣe é ṣí.